Àpótí Ohun Ọ̀ṣọ́ Màmá: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Tà Á

Kí ẹ tó kà á

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kà nípa ìsìnkú àgbà. Lónìí, a máa kà nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán, tí àwọn ọmọ olóògbé bá wá ń wo ẹrù tó fi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè méjì yìí:

1. Ohun ọ̀ṣọ́ wo ló wà nílé yín tó ti ọwọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà wá?
2. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó tó, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ bi?

Àyọkà

Ẹ jẹ́ ká ní màmá yín, tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún nǹkan bí 40 ọdún, ti lọ sinmi. Ìsìnkú ti parí, ṣùgbọ́n gbèsè ìsìnkú ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wọn, ẹ bá agolo bisikíìtì kan níbẹ̀. Kì í ṣe bisikíìtì ló wà nínú rẹ̀. Báńgù góòlù méjì ni, pẹ̀lú ṣéènì ńlá kan tó ń dán yanran, òrùka kékeré kan tó ti gbó, ẹ̀gbà ọwọ́ funfun kan tó dà bí egungun, àti iyùn kan tí okùn rẹ̀ ti fẹ́ já. Àbúrò yín ní, "Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ra góòlù, ká fi san gbèsè."

Ẹ má tíì kó o lọ o.

Ẹni tó ń ra góòlù nígboro, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: báwo ló ṣe wúwo tó? Ìbéèrè tiyín jẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Èkíní: kí ni nǹkan náà? Èkejì: ta ló ni ín? Ẹ̀kẹta: èló ni? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹta lè ta wúrà ní iye bàbà. Ó sì lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: Kí ni nǹkan náà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí góòlù. Ẹ wá awò tó máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo inú òrùka, inú báńgù, àti ibi tí wọ́n ti ń so ṣéènì. Nọ́ńbà tín-ń-tín ni ẹ ń wá. Góòlù tí kò ní àdàlù rárá ni à ń pè ní kárátì 24. Ó rọ̀ jù fún ohun tí èèyàn máa wọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù fi máa ń po fàdákà tàbí bàbà mọ́ ọn. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye góòlù tó wà nínú ìdá 1,000:

- 375 ni kárátì 9. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
- 585 ni kárátì 14.
- 750 ni kárátì 18.
- 875 ni kárátì 21. Ó wọ́pọ̀ ní Saudi Arabia, irú rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn alálàájì wa máa ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà.
- 916 ni kárátì 22.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 625, ẹ dúró dáadáa. Kárátì 15 nìyẹn. Ọdún 1854 ni òfin fàyè gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fòpin sí i ní 1932. Òrùka Gẹ̀ẹ́sì tó bá ní nọ́ńbà yìí ti dàgbà ju màmá yín lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà nìkan kò tó. Láti ọdún 1300 ni ọba ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ wúrà àti fàdákà wò kí wọ́n tó tà á. Òfin tí wọ́n ń lò lónìí ni ti ọdún 1973. Òfin yìí ní kí àmì mẹ́ta wà lára ohun tí oníṣòwò bá pè ní góòlù, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ju gíráàmù 1 lọ: àmì ẹni tó ṣe é tàbí tó gbé e wá, nọ́ńbà góòlù, àti àmì ọ́fíìsì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ́fíìsì mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Orí ẹkùn ni àmì Lọ́ńdọ̀nù. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà jìnnà sí òkun. Òdòdó róòsì ni ti Sheffield, ilé olódi sì ni ti Edinburgh. Bí lẹ́tà kan bá tún wà níbẹ̀, ó lè sọ ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Gbogbo àmì yìí ni òyìnbó ń pè ní hallmark.

Báńgù tí màmá rà ní Jeddah tàbí ní Èkó lè má ní àmì wọ̀nyí. Ìyẹn ò sọ pé ayédèrú ni. Ohun tó ń sọ ni pé wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá máa tún un tà ní láti gbé e lọ fún àyẹ̀wò kó tó lè pè é ní góòlù, tàbí kó kàn yọ́ ọ. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá iye kékeré lé góòlù wa. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé ètò tibẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó ṣe é ló ń tẹ nọ́ńbà kárátì sí i fúnra rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ àmì orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.

Ṣéènì ńlá tó ń dán yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá rí lẹ́tà GP, HGE tàbí GF lára rẹ̀, góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo irin mìíràn. Bí ẹ bá rí 925, fàdákà ni, bó tilẹ̀ pupa bíi góòlù. Ẹ lè mú òòfà sún mọ́ ọn. Òòfà kì í fa góòlù. Ṣùgbọ́n kì í fa bàbà tàbí idẹ náà, nítorí náà, bí òòfà ò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀. Bó bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń so ó nìkan ni òòfà fà, ẹ má bẹ̀rù, irin kékeré máa ń wà nínú ibẹ̀.

Ó ku iyùn. Iyùn gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ó sì máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Bí ẹ bá fi awò wò ó, ẹ lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í bára mu délẹ̀ láti ìlẹ̀kẹ̀ kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe fúyẹ́, ó sì lè ní ojú ìsopọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe lè ní àmì afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú. Ẹ má ṣe dá iná sun ún láti fi dán an wò, ẹ má sì da ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i, nítorí ohun kíkan máa ń jẹ iyùn. Ẹ má tún okùn rẹ̀ ṣe, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Okùn àtijọ́ náà wà lára ẹ̀rí.

Bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró bá wà láàárín iyùn, ó lè jẹ́ sẹ̀gi. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ pé àwọn baba ńlá wa ń ṣe gíláàsì àti ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Ẹni tó ń ra góòlù nígboro kò ní òṣùwọ̀n tó lè wọn ìyẹn.

Ẹ̀gbà ọwọ́ funfun yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bó bá jẹ́ eyín erin ni, ẹ ò lè kàn gbé e lọ sọ́jà. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ti fòfin de títa àti ríra eyín erin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gba ìyọ̀ǹda. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sílé, ẹ sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ yín. Títà rẹ̀ ló lè kó yín sí wàhálà.

Ìbéèrè kejì: Ta ló ni ín?

Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ máa gba ìpín kan. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló máa gba tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìhágún ló máa sọ ẹni tó láṣẹ. Bí kò bá sí ìwé, òfin ibẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwé tàbí òfin tó pín nǹkan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti olóògbé. Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí èèyàn kọ́ ni tirẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọmọbìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe pe ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù:

Ọmọ: Ẹ káàsán mà, Mọ́mì Ìjẹ̀bú.

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Òtútù ńkọ́?

Ọmọ: A dúpẹ́, mà. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. A rí iyùn kan nínú ẹrù màmá mi. Ó gùn, ó máa ká ọrùn lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró mẹ́ta wà láàárín rẹ̀?

Ọmọ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Ẹ mọ̀ ọ́n?

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀. Ọrùn ìyá wa ló wà kí wọ́n tó bí màmá rẹ. Sẹ̀gi ni aláwọ̀ aró yẹn. Èmi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, màmá rẹ náà wọ̀ ọ́. Ó ní òun ń gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ìwọ náà lè wọ̀ ọ́. Ìwọ wá lọ ṣe tìrẹ ní kọ́ọ̀tù láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday!

Ọmọ: Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi ti fi fọ́tò rẹ̀ han ẹnì kan. Ẹni yẹn ní òun lè fún wa ní 40 pọ́n-ùn.

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Fún kí ni? Gbọ́, ọmọ mi. Góòlù tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ òru ni màmá rẹ fi rà á. Tiyín ni, bí ẹ bá fẹ́, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n iyùn yẹn, ti ilé ni. Wọ́n fi sí i lọ́wọ́ ni, wọn ò fi ta á lọ́rẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá, ó sì ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ: Mi ò mọ̀ rárá, mà. Màmá mi ò sọ fún wa.

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Wọ́n rò pé àyè ṣì wà ni. Òrùka kékeré kan ńkọ́, èyí tó ti gbó?

Ọmọ: Ó wà níbẹ̀, mà. Kò wúwo rárá.

Mọ́mì Ìjẹ̀bú: Ìyá òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò ló fún un. Ó ní ti ìyá ìyá òun ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sórí òṣùwọ̀n títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi máa wò ó.

Ẹ wò ó pé ìpè kan péré yí iye àpótí náà padà. Iyùn kúrò nínú ohun títà. Òrùka tí wọn ò kà sí wá di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Awò ò lè fi èyíkéyìí nínú méjèèjì hàn wọ́n. Nítorí náà, kí àwọn àgbà ilé tó tán, ẹ máa bi wọ́n. Ẹ ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀: ta ló rà á, níbo, nígbà wo, ta ló wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ní ríṣíìtì tàbí fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ tí ohun ọ̀ṣọ́ náà hàn níbẹ̀, ẹ tọ́jú wọn pọ̀. Ẹni tó ń ra ohun àtijọ́ máa ń sanwó fún ìtàn tó ní ẹ̀rí.

Ìbéèrè kẹta: Èló ni?

Ohun kan ṣoṣo lè ní iye mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà. Èyí ló máa ń da àwọn ọmọ olóògbé rú.

Èkíní ni owó yíyọ́, ìyẹn iye góòlù tó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n bá yọ́ ọ. Èkejì ni owó ọjà, ìyẹn ohun tí ẹlòmíràn máa san kó lè wọ̀ ọ́ tàbí kó fi pa mọ́, bí irú èyí tí wọ́n ń san níbi títa ní gbàǹjo. Ẹ̀kẹta ni owó adójútòfò, ìyẹn iye tó máa ná yín láti ra irú rẹ̀ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù bó bá sọnù. Òun ló sábà máa ń ga jù, kò sì sí ẹni tó máa san án fún yín bí ẹ bá ń tà á. Ẹ̀kẹrin ni owó ọjọ́ ikú, ìyẹn iye tó jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ tí olóògbé kú. Òun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè fún nínú ìwé ogún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ kan nínú àpótí tó ní òrùka tó 900 pọ́n-ùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti adójútòfò ni.

Owó yíyọ́ ni ẹ lè ṣírò fúnra yín. Ẹ wọn ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gíráàmù. Ká ní gíráàmù kan góòlù tí kò ní àdàlù jẹ́ 100 pọ́n-ùn. A kàn mú nọ́ńbà yìí kí ìṣirò lè rọrùn ni. Iye gidi ń yí padà lójoojúmọ́. Bí báńgù kan bá wọn gíráàmù 20, tó sì ní nọ́ńbà 916:

20 × 916 ÷ 1,000 = gíráàmù 18.32, iye rẹ̀ jẹ́ 1,832 pọ́n-ùn.

Bí báńgù kejì bá wọn gíráàmù 20 kan náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 375:

20 × 375 ÷ 1,000 = gíráàmù 7.5, iye rẹ̀ jẹ́ 750 pọ́n-ùn.

Lójú, ìbejì ni wọ́n. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ sórí òṣùwọ̀n, tí ẹni tó ń rà sì fi 375 ka gbogbo rẹ̀, 1,082 pọ́n-ùn ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ to ohun kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nílé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ẹ rántí pé òkúta tó wà lára òrùka wà nínú ìwọ̀n rẹ̀, kì í sì í ṣe góòlù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tó ń rà kì í san gbogbo owó yíyọ́, torí ó gbọ́dọ̀ jèrè. Ìbéèrè yín ni pé mélòó ló máa yọ, ẹ sì lè dá a lóhùn torí pé ẹ ti ṣírò.

Ẹ wá wo òrùka kékeré. Ó wọn gíráàmù 2, ó sì ní nọ́ńbà 625. Góòlù inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.25, owó yíyọ́ rẹ̀ kò ju 125 pọ́n-ùn lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 90 ọdún, àmì rẹ̀ pé, ó sì lè jẹ́ pé òkúta gidi ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ góòlù máa san owó góòlù nìkan. Ẹni tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ lè rí ju ìyẹn lọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ́ ọ, kò sí àtúnṣe.

Níparí, ẹ tẹ̀lé ìlànà márùn-ún yìí:

1. Ẹ má fi ìdíyelé lé ẹni tó fẹ́ rà á nìkan lọ́wọ́. Ẹ sanwó fún ẹni tí kò ní rà á kó wò ó, tí ohun náà bá tó bẹ́ẹ̀.
2. Ẹ gba iye lẹ́nu èèyàn mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ má fi nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni láìgba ríṣíìtì tó sọ ìwọ̀n àti àmì rẹ̀.
4. Ẹ bi ilé gbàǹjo ní iye tó máa yọ nínú owó náà kí ẹ tó gbà.
5. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá ta ohun ọ̀ṣọ́ kan ní 6,000 pọ́n-ùn tàbí tó dín sí i, ẹ ò ní san owó orí lórí èrè rẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wádìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀.

Àkíyèsí lórí èdè

Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè: *ogún* (ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ó tún jẹ́ 20), *ogun* (ìjà ńlá), *Ògún* (òrìṣà irin), *Ògùn* (odò), *oògùn* (ohun tí aláìsàn ń lò). Nígbà tí àgbà bá ní "ẹ má jẹ́ kí ogún di ogun," ohùn kan péré ló yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ tún wo *kí … tó*: "Ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó tà á." Ohun tó wà lẹ́yìn *tó* ló máa ń ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

- *àdàlù*: ohun tí a pò mọ́ nǹkan mìíràn
- *adójútòfò*: ilé iṣẹ́ tí à ń sanwó fún kó lè san án padà bí nǹkan wa bá bàjẹ́ tàbí bó bá sọnù
- *ayédèrú*: ohun tí kì í ṣe gidi
- *gbàǹjo*: títa ọjà fún ẹni tó bá pe iye tó ga jù
- *ìdíyelé*: sísọ iye tí nǹkan tó
- *ìwé ìhágún*: ìwé tí èèyàn fi sọ bí wọ́n ṣe máa pín ohun ìní rẹ̀
- *òòfà*: irin tó ń fa irin mọ́ra
- *yọ́*: láti fi iná sọ ohun líle di omi

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí báńgù tí kò ní àmì Gẹ̀ẹ́sì fi lè jẹ́ góòlù gidi?
2. Báńgù kan wọn gíráàmù 12, ó sì ní nọ́ńbà 875. Gíráàmù góòlù mélòó ló wà nínú rẹ̀?
3. Èwo nínú iye mẹ́rin ló sábà máa ń ga jù? Kí ló fà á?
4. "Wọ́n fi sí i lọ́wọ́ ni, wọn ò fi ta á lọ́rẹ." Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ.
5. Ẹ jíròrò ní kíláàsì: gbèsè ìsìnkú jẹ́ 3,000 pọ́n-ùn. Ẹnì kan gbà láti ra iyùn náà ní 3,000. Ṣé kí ọmọ náà tà á? Ẹgbẹ́ kan á gbè é lẹ́yìn, ẹgbẹ́ kejì á takò ó.
6. Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ pe àgbà kan nínú ẹbí yín, kí ẹ bi í nípa ohun ọ̀ṣọ́ kan. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 150, pẹ̀lú àmì ohùn.